Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti ṣubú rí

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìnáwó pépà tó ti gbówó lórí yìí. Ọjà Ìgbọ̀nà nílùú Òṣogbo níbí ni mo ti ń ta aṣọ, ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kí n má ra ìwé ìròyìn yín, bí mo bá kà á tán àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ mi á gbà á, ó máa ń di ìrọ̀lẹ́ kó tó bọ́ sọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́kọ tó ń fi di nǹkan. Ohun tí ẹ kọ lọ́jọ́sí nípa ẹ̀yìn tó ń dun àwọn àgbàlagbà ló jẹ́ kí n gbé fóònù láti kọ èyí. Ọ̀rọ̀ náà dáa, ẹ sọ nípa ẹrù wúwo, ẹ sọ nípa ìjókòó pẹ́, ẹ tiẹ̀ dárúkọ bẹ́ẹ̀dì tó ti lu kòtò láàárín, ṣùgbọ́n ẹ fo nǹkan kan tó jẹ́ pé òun gan-an ló gbé ìyá mi ṣánlẹ̀. Ẹ ò sọ nǹkan kan nípa ìṣubú. Àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ń dùn, tó ń lọ síbi tí wọ́n ti ń bá a to egungun, ìbáà ṣe ọ̀dọ̀ teguntegun, ìbáà ṣe fisió tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, ìbáà ṣe àwọn tí òyìnbó ń pè ní chiropractor, onítọ̀hún sún mọ́ àtiṣubú ju bí àwa ọmọ ṣe rò lọ, gbogbo èèyàn ló sì ń wo ẹ̀yìn ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wo ilẹ̀ tó ń tẹ̀.

Aláró ni màmá mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìlú aró ni wọ́n ń pe Òṣogbo, àwọn ìyá wa ló sì fi ẹ̀yìn wọn ra orúkọ yẹn fún ìlú. Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìkòkò aró, wọ́n á ki aṣọ bọ̀ ọ́, wọ́n á fà á jáde tòun ti omi, wọ́n á fún un, wọ́n á gbé e lọ sá, wọ́n á tún padà wá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti pé ọdún 76 báyìí, èékánná wọn ò tíì mọ́ tán, títí dòní mo ṣì ń rí àwọ̀ aró níbẹ̀. Ẹ̀yìn yẹn bẹ̀rẹ̀ wàhálà kí n tó lọ́kọ. Wọ́n ti fi orí pa á, wọ́n ti fi àdí pa á, wọ́n ti mu àgbo làkúrègbé títí ọ̀fun wọn fi kọ̀ ọ́, bàbá kan sì wà ládùúgbò wa tó máa ń wá tẹ̀ wọ́n lẹ́yìn, nígbà mìíràn ẹsẹ̀ méjèèjì ni bàbá náà máa ń fi gun ẹ̀yìn ọ̀hún, a ó sì máa gbọ́ tí egungun ń dún kó, kó, màmá á ní áà, ó ti já, ó ti já. Bó ṣe já náà nìyẹn, títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ní 2023 ni àbúrò mi obìnrin tó wà lÁmẹ́ríkà bímọ, màmá sì lọ bá a tọ́jú ọmọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń wẹ ọmọ, tí wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, tí wọ́n á gbé ọmọ lé e, ẹ ó mọ̀ pé ẹ̀yìn ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn. Lọ́jọ́ kan wọ́n wẹ ọmọ tán wọn ò lè dìde, ẹ̀yìn gan pa. Àbúrò mi gbé wọn lọ sọ́dọ̀ chiropractor.

Fún àwọn tí kò bá mọ̀ ọ́n, èmi náà ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń fi ọwọ́ to oríkèé-ríkèé ara ni, pàápàá ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọrùn, wọn kì í ṣe teguntegun tó ń di egungun tó bá ṣẹ́, wọn kì í sì í ṣe iṣẹ́ abẹ. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ D.D. Palmer ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1895 nílùú Davenport, ní ìpínlẹ̀ Iowa. Ẹni àkọ́kọ́ tó fọwọ́ kàn, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ni o, Harvey Lillard, tó ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó, etí ẹ̀ ni ò gbọ́ràn dáadáa, kì í ṣe ẹ̀yìn ló ń dùn ún! (Ibí yìí èmi ò fẹ́ dá sí i, etí àti ẹ̀yìn, Ọlọ́run ló mọ bí wọ́n ṣe jẹ́ ìbátan.) Lónìí ṣá, ẹ̀yìn dídùn àti ọrùn dídùn ló ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sọ́dọ̀ wọn, àwọn àgbàlagbà sì pọ̀ níbẹ̀ dáadáa.

Ohun tó ya àbúrò mi lẹ́nu ni pé kí wọ́n tó fọwọ́ kan màmá, ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ fún wọn. Ìbéèrè kan wà nínú ìwé yẹn: ṣé ẹ ti ṣubú láàárín ọdún kan sẹ́yìn? Àbúrò mi túmọ̀ ẹ̀ fún màmá. Màmá ní, "Èmi kẹ̀? Ká má rí i." Àbúrò mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé rárá. Obìnrin chiropractor yẹn wo ìwé, ó wo màmá, kò jọ pé ó gbà. Ó ní kí wọ́n jókòó sórí àga, kí wọ́n dìde, kí wọ́n rìn dé ibi tí òun fi nǹkan sàmì sí nílẹ̀, mítà mẹ́ta péré ni, kí wọ́n yí padà, kí wọ́n wá jókòó, ó sì ń fi aago wò ó. Màmá bi àbúrò mi pé ṣé eré ìje ni, ṣé kí àwọn sáré? Wọ́n ní kí wọ́n rìn bí wọ́n ṣe máa ń rìn. Ẹni tó bá lò tó ìṣẹ́jú àáyá 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n gbà pé ó wà nínú ewu ìṣubú. Màmá lo 19. Ó tún ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ kan síwájú èkejì, kí gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kí wọ́n má di nǹkan kan mú. Kò tó 4 tí wọ́n fi di àbúrò mi lọ́rùn mú.

Lẹ́yìn èyí ni obìnrin náà wá sọ pé òun ò ní fi agbára ti egungun wọn rárá, pé ọjọ́ orí yẹn egungun lè ti fúyẹ́ nínú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, ọwọ́ jẹ́jẹ́ ni òun máa lò. Ó wá béèrè gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò. Àbúrò mi ní ẹ̀yìn la bá wá o. Ó ní òun mọ̀. Ó kọ ìwé sí dókítà pé kí wọ́n wo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn àti oògùn tó ń jẹ́ kí wọ́n máa tọ̀, nítorí pé tí màmá bá dìde lójijì òòyì máa ń kọ́ wọn.

Inú mọ́tò nígbà tí wọ́n ń padà sílé, màmá dákẹ́ títí, wọ́n wá sọ láti ẹ̀yìn mọ́tò pé, "Ti inú balùwẹ̀ nígbà ààwẹ̀ ọjọ́sí yẹn, ṣé ìyẹn náà wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè?"

Àbúrò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ọkọ̀ iwájú.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Gbogbo ìgbà tí mo ń gbọ́ òwe yìí mo rò pé ẹ̀yìn tí àgbà ń wò ni ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀, ohun tó fà á. Ìyá mi wo ẹ̀yìn lóòótọ́, àmọ́ bóyá ẹnì kan rí àwọn ni wọ́n ń wò! Wọ́n rí i pé kò sẹ́nì kankan, wọ́n gbọn aṣọ, wọ́n jáde, wọ́n bá wa jẹ sààrì. Èmi wà nílé lọ́jọ́ náà o. Mo bá wọn bu ẹ̀wà.

Mo ti bi ara mi léèrè ìdí tí wọ́n fi ń fi pamọ́, mo sì rò pé mo mọ̀ ọ́n. Àkọ́kọ́ ni àwa ọmọ. Bí wọ́n bá sọ ọ́, ohun tá a máa sọ ni pé ẹ má lọ ọjà mọ́, ẹ má gun àkàsọ̀ mọ́, ẹ fi aró sílẹ̀, ẹ jókòó, ọmọ wo la bí tí ò ní sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀ẹ̀kejì ni ẹnu ayé. Nílùú wa níbí àgbà kì í kàn ṣubú lásán, wọ́n á ní wọ́n tì í ni, wọ́n á ní ta ló bá jà, tó bá wá jẹ́ pé ìyàwó ọmọ ẹ̀ ń gbé inú ilé kan náà, ọ̀rọ̀ ti délẹ̀ nìyẹn. Màmá mi fẹ́ràn ìyàwó àbúrò mi ọkùnrin, wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ilẹ̀ tó tutù pe ọmọ ọlọ́mọ ní àjẹ́. Kì í sì í ṣe àwa nìkan ni, ní Amẹ́ríkà níbi tí wọn kì í ti í sọ ti àjẹ́, nínú àgbàlagbà mẹ́rin tó ti pé ọdún 65, ó lé ní ẹnì kan tó ń ṣubú lọ́dọọdún, kò sì tó ìdajì wọn tó ń sọ fún dókítà. Ẹni tó bá sì ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ewu pé yóò tún ṣubú ti di ìlọ́po méjì. Ìdí tí ìbéèrè yẹn fi wà nínú ìwé wọn nìyẹn.

Ọmọ mi tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló là á yé mi lórí Wasáàpù bí ẹ̀yìn dídùn ṣe ń ti èèyàn ṣubú. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kì í gbẹ́sẹ̀ tán, ńṣe ló ń wọ́ ọ nílẹ̀, etí kápẹ́ẹ̀tì kékeré ti tó láti gbé e. Ìbàdí ti gan, tó bá fẹ́ yọ̀ kò lè tètè yí ara padà kó fi ẹsẹ̀ kejì gbà á. Ó ti ń jókòó jù nítorí ìrora, iṣan itan sì ń dínkù lójoojúmọ́ tí kò bá ṣiṣẹ́. Oògùn ìrora tó ń rà ní kẹ́mísìtì, òmíràn ń kùn ún lóorun. Ẹ wá fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kún un, ẹ fi ojú tó ti ń ṣú kún un, ẹ fi ti NEPA kún un. Àjọ ìlera àgbáyé tó ń jẹ́ WHO ní èèyàn bíi 684,000 ni ìṣubú ń pa kárí ayé lọ́dún, nínú jàǹbá àìròtẹ́lẹ̀, ìjàǹbá ojú pópó nìkan ló ń pa jù ú lọ, ó sì lé ní 80 nínú 100 àwọn tó ń kú bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé irú orílẹ̀-èdè tiwa yìí ni wọ́n wà, àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Gbogbo ọjọ́ la ń gbàdúrà ìrìn àjò ní Old Garage kí mọ́tò tó gbéra, ta ló ń gbàdúrà lọ sí balùwẹ̀?

Ẹ jẹ́ n padà sí Òṣogbo. Màmá dé, ara wọn dá díẹ̀, wọ́n padà sọ́dọ̀ bàbá tó ń gun ẹ̀yìn nítorí pé òun ló wà nítòsí, tí kì í sì í gba owó púpọ̀. A tún gbé wọn lọ síbì kan tí wọ́n ní ẹ̀rọ tí ń gbọ̀n, wọ́n á sùn lé e lórí. Níbi méjèèjì ìbéèrè kan náà ni, ibo ló ń dùn yín. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá wọ́n ti ṣubú, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dìde lórí àga kí òun wò wọ́n. Àwa náà ò sọ, ẹ̀bi tiwa nìyẹn, mi ò ní purọ́, nítorí àwa ọmọ ti mọ̀.

Ọdún tó kọjá, aago márùn-ún ìdájí kọjá díẹ̀, wọn ò tíì mú iná wá. Màmá gbé bútà lọ ṣe àlùwàlá Ṣúbúhì. Balùwẹ̀ yẹn, a ti sọ ọ́ di tàìlì. Èmi àti àbúrò mi tó wà lÁmẹ́ríkà la dá owó ẹ̀, tàìlì funfun tó ń dán, ẹ ó máa rí ojú yín nínú ẹ̀, gbogbo ará àdúgbò ló wá wò ó tí wọ́n ní ọmọ dára. Sìmẹ́ńtì onígbéregbère tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ti ń di ẹsẹ̀ ìyá mi mú láti ogún ọdún, a fi owó wa gé e kúrò. Wọ́n fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n gbé ẹsẹ̀ òsì láti fọ ọ́, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lórí tàìlì tútù nínú òkùnkùn, sílípáàsì tó ti gbó. Wọ́n fi ọwọ́ gbára lé ilẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ, ọrùn ọwọ́ ṣẹ́. Ọlọ́run ló yọ wá, ì bá jẹ́ ìgbáròkó ni, ẹ̀yin náà mọ àwọn àgbà tí ìgbáròkó wọn ṣẹ́ tí wọn ò dìde lórí ẹní mọ́.

Wọ́n fi POP di ọwọ́ náà, ó jinná. Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wò ni ohun tó tẹ̀ lé e.

Àwọn oníwàádìí ní ìwé ìbéèrè kan tí wọ́n ń pè ní EQ-5D tí wọ́n fi ń wo bí ayé ṣe rọ èèyàn lọ́rùn sí. Nǹkan márùn-ún ló ń béèrè: ṣé ẹ lè rìn, ṣé ẹ lè fọwọ́ ara yín wẹ̀ kẹ́ ẹ wọṣọ, ṣé ẹ lè ṣe àwọn iṣẹ́ yín bí ẹ ṣe máa ń ṣe é, ṣé ara ń ro yín, ṣé ọkàn yín balẹ̀. Ọmọ mi kà á fún mi, mo fi màmá mi wò ó, mo rí i pé ọ̀kan ṣoṣo nínú márààrún làwa ń sanwó fún, èyíinì ni ìrora. Ẹ̀yìn màmá dáa jù lẹ́yìn ìṣubú yẹn ju bó ṣe wà láti ọdún mẹ́wàá lọ! Àbí kí ló fẹ́ dùn wọ́n, wọn ò ṣe nǹkan kan mọ́. Wọn ò lọ sí Ọjà Ọba mọ́. Wọn ò lọ sí àsálátù ọjọ́ Sunday mọ́, níbi tó jẹ́ pé àwọn ni ìyá àdínì níbẹ̀, wọ́n ní àtẹ̀gùn ibẹ̀ ga. Tí ọdún Ọ̀ṣun bá ti dé, mùsùlùmí ni wọ́n o, ṣùgbọ́n kò sí Ìwọ́pópó tí wọn kì í jáde lọ wò létí títì, kí wọ́n kí ọ̀rẹ́, kí wọ́n rí aṣọ tí àwọn èèyàn wọ̀, kí wọ́n sọ pé aró èyí ò dúró, aró tọ̀hún ni aró. Èyí tó kọjá, wọ́n jókòó sí pálọ̀ wọ́n ń gbọ́ ìlù láti ọ̀ọ́kán. Orí àga ni wọ́n ti ń kírun báyìí, wọ́n ní táwọn bá lọ sí sùjúdù àwọn ò mọ̀ bóyá àwọn á dìde. Mo rí wọn lọ́jọ́ kan tí wọ́n di ògiri mú láti yàrá dé ilé ìdáná, ilé tí wọ́n kọ́ fúnra wọn, wọ́n ń rìn nínú ẹ̀ bí àlejò.

Ẹ̀rù yẹn gan-an sì tún ń bí ìṣubú mìíràn. Ẹ̀rù ní kí wọ́n jókòó, ìjókòó sọ itan di owú, itan tó ti di owú ló ń gbé èèyàn ṣubú. Èmi ni mo tún ń sọ fún wọn pé ẹ jókòó jẹ́jẹ́ ẹ má wàhálà ara yín, mo rò pé ìtọ́jú ni mo ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ mi sí àwọn tó ń fọwọ́ tọ́jú ẹ̀yìn nìyí, mi ò bá wọn jà o, iṣẹ́ wọn wúlò, mo sì mọ̀ pé wọ́n tu màmá mi lára lọ́pọ̀ ìgbà. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ béèrè. Ẹ má sì béèrè pé "ṣé ẹ ti ṣubú," wọ́n á ní rárá. Ẹ ní, "Ìyá, ìgbà wo lẹ yọ̀ gbẹ̀yìn?" Yíyọ̀ kò tini lójú bí ìṣubú, wọ́n á dáhùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dìde lórí àga lójú yín, kí wọ́n rìn mítà mẹ́ta yẹn, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, aago wà lórí fóònù gbogbo wa. Àgbàlagbà tó bá ṣubú tí ẹ̀yìn wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún ní tuntun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gun un, ẹ má tẹ̀ ẹ́, eegun ọ̀pá ẹ̀yìn lè ti wó, fọ́tò X-ray ló kàn. Tí ó bá ní òun ò lè tọ̀, tàbí abẹ́ òun ti kú bí ẹni pé kì í ṣe ara òun, tàbí ẹsẹ̀ ń rọ lójijì, kò sí ọ̀rọ̀ fífọwọ́ tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ rárá, ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, òru ìbáà jẹ́. Ẹni tó bá ń lo oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ fẹ́lẹ́, tàbí tí dókítà ti sọ pé egungun ẹ̀ ti fúyẹ́, kì í ṣe ẹni tí à ń fi agbára já lẹ́yìn.

Ọmọ mi ní àwọn kan ní New Zealand ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n gbé e jáde ní 2016, àgbàlagbà 60, fún ọ̀sẹ̀ 12, wọ́n rí i pé àwọn tó ń gba ìtọ́jú chiropractic ń tètè gbẹ́sẹ̀ ju àwọn tí kò gbà á lọ. Ó dáa, inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n èèyàn 60 kò pọ̀, kí ẹsẹ̀ yá sì yàtọ̀ sí kéèyàn má ṣubú mọ́. Ohun tí ẹ̀rí ẹ̀ nípọn ni eré ìdárayá. Ní 2019 wọ́n kó àyẹ̀wò 108 pọ̀, ó lé ní 23,000 àgbàlagbà tó wà nínú wọn, wọ́n rí i pé eré ìdárayá ń fi bíi 23 nínú 100 dín iye ìṣubú kù, pàápàá èyí tó ń kọ́ èèyàn láti dúró sán-ún àti láti lo ẹsẹ̀. Kì í ṣe eré sísá o. Dídìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti ara, kí wọ́n tún jókòó, kí wọ́n tún dìde. Dídúró lórí ẹsẹ̀ kan kí wọ́n di tábìlì mú. Rírìn kí gìgísẹ̀ máa kan ọmọ ìka. Àwọn fisió wà ní àwọn ọsibítù ńlá tó mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ lọ bá wọn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ tí ara bá ti wúwo. Màmá mi ń ṣe tiwọn lẹ́yìn ìrun Yídà, mẹ́ta ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n ti ń dìde lẹ́ẹ̀mẹjọ báyìí kí wọ́n tó bú mi.

Ti ilé ńkọ́? A ò lè hú tàìlì yẹn, owó ti wọ̀ ọ́. Wẹ́dà bá wa lẹ irin mọ́ ògiri níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣálángá ìgbàlódé wa, wọ́n ń dì í mú. A ra àga oníke kékeré tí wọ́n ń jókòó lé fọ ẹsẹ̀. Iná sólà kékeré kan ń tàn láti ẹnu yàrá wọn dé balùwẹ̀ ní gbogbo òru, èyí tí kò tó owó yáàdì aṣọ kan ní ṣọ́ọ̀bù mi. A kó àkísà ẹnu ọ̀nà kúrò, mo sọ sílípáàsì yẹn nù, wọ́n lọ mú un padà nínú bọ́ọ̀là, mo tún sọ ọ́ nù. Pákó orí gọ́tà iwájú ilé nìkan la ò tíì rí ṣe, ìyẹn tó iṣẹ́ ìjọba, àmọ́ tá a bá ní ká dúró dè wọ́n... ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Oògùn tó ń jẹ́ kí wọ́n tọ̀, alẹ́ ni wọ́n ń lò ó tẹ́lẹ̀, ìdí tí wọ́n fi ń dìde lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru nìyẹn, dókítà ní kí wọ́n máa lò ó láàárọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo látẹnu dókítà, a ò sì béèrè ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Ẹ má ṣe fúnra yín yí oògùn padà o, ẹ lọ béèrè.

Olóòtú, mo bẹ̀ yín, tí ẹ bá tún fẹ́ kọ nípa ẹ̀yìn dídùn, ẹ fún ọ̀rọ̀ yìí ní ojú ìwé kan, kẹ́ ẹ sì fi lẹ́tà gàdàgbà tẹ̀ ẹ́, nítorí pé àwọn tó kàn ò rí lẹ́tà wínníwínní yín kà, mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́.

Bí mo ṣe ń tẹ èyí lọ́wọ́, màmá wà lórí àga wọn, wọ́n bi mí pé kí ni mo ń tẹ̀ láti àárọ̀ tí mi ò dá oníbàárà lóhùn. Mo ní ìwé ìròyìn ni mo ń kọ̀wé sí, nípa ìṣubú yín. Wọ́n ro ó díẹ̀.

"Èwo nínú wọn?"

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Aláró,
Ọjà Ìgbọ̀nà, Òṣogbo.